Ẹ Má Jẹ́ Kí Iná Ẹ̀kọ́ Ìrọ̀lẹ́ Wa Kú Lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ ń gbé ní ìlú Warri àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a mú wá nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin, kí ẹ tó wá sí ìpàdé tí ń bọ̀.

Gbogbo yín ni ẹ rántí ọjọ́ tí a ṣí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ wa nínú gbọ̀ngàn ìpàdé. Àtíbàbà mẹ́ta ni a ta. A pa màlúù. Àwọn obìnrin wa wọ aṣọ ẹbí, onílù kò sì sinmi títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀, àwọn àlejò pàtàkì dìde, wọ́n ṣe ìlérí. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn ọmọ ti kún inú gbọ̀ngàn débi pé àwọn mìíràn ń dúró lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, ẹfun ìkọ̀wé tán, kò sí ẹni tí ó ra òmíràn. Ní oṣù kẹrin, a kò rí owó epo jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù karùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà méjèèjì sọ fún wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹsẹ̀ ni òun fi ń rìn láti Effurun wá, àti pé òun kò lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà, a ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó dìde ní ìpàdé láti sọ pé a ti tì í. A kàn dákẹ́ ni.

Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn ọmọ náà tí àwa tí ilé wa kò jìnnà sí gbọ̀ngàn kò lè gbàgbé. Ọmọ ọdún 13 ni, télọ̀ sì ni bàbá rẹ̀ lẹ́bàá ọjà Igbudu. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n kò lè ka ìpínrọ̀ kan já, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdajì nǹkan àti ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Tíṣà kò nà án, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí ó lọ mú téèpù tí bàbá rẹ̀ fi ń wọn aṣọ wá. Orí téèpù náà ni ọmọ yìí ti mọ ìdajì, tí ó ti mọ ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin, títí ó fi di pé òun ni ń bá bàbá rẹ̀ ṣírò iye yáàdì tí aṣọ oníbàárà yóò gbà. Nígbà tí a ti ilẹ̀kùn, a kò rán ẹnikẹ́ni lọ sọ fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta tẹ̀ léra ni ọmọ yìí fi wá, tí ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ìwé rẹ̀ lórí orúnkún, tí ó ń wo ọ̀nà. Ní Ìṣẹ́gun kẹrin, kò wá mọ́. Kí a má purọ́, ojú tì wá.

Nísinsìnyí, a gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa fẹ́ tún ẹ̀kọ́ náà ṣí. Ìròyìn ayọ̀ ni, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni irú aṣọ tí a óò wọ̀ ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi mú kálámù. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí náà jẹ nínú màlúù ọjọ́ kìn-ín-ní. Ohun tí a ní láti sọ kò pọ̀. Kí a má ṣe ṣí ẹ̀kọ́ yìí bí a kò bá múra láti gbé e ró fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Bí a bá sì múra, kí owó àsè ìfilọ́lẹ̀ di owó tíṣà.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni láti kọ́ ọmọ ní ìwé. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a dákẹ́ títí ìjọba yóò fi ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ìtàn fi hàn wá. Ní oṣù January 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba náà ni Warri wà nígbà náà, títí di 1963 tí a dá Mid-West sílẹ̀, nítorí náà àwọn ọmọ ìlú yìí jẹ nínú oore náà pẹ̀lú àwọn ọmọ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ju 800,000 lọ. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ wọ kíláàsì, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀kọ́ wọ ọmọ. Àwọn ọmọ pọ̀, àwọn tíṣà tí ó kọ́ṣẹ́ dáadáa kò sì tó wọn. Òfin tí a ṣe ní 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí. Síbẹ̀, tíṣà tí ọmọ púpọ̀ wà níwájú rẹ̀ kò lè dúró de èyí tí ó rẹ̀yìn. Ẹni tí ó lè dúró dè é ni ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ wà fún.

Ọ̀rọ̀ náà tún le fún àwọn ọmọ wa ju bí a ti rò lọ. Pìjìn ni wọ́n ń sọ lójúde, Yorùbá díẹ̀ nílé, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé sì dà bí àjèjì sí wọn. A kò bú pìjìn o. Òun ni ó jẹ́ kí a lè bá Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ná ọjà, kí a sì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú iṣẹ́ márùn-ún nínú ìdánwò àṣejáde, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú wọn fún gbogbo ẹni. Ìṣirò náà sì di ọ̀ranyàn fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n lè kọ́ níbẹ̀. Ìlú yìí kò ṣàìní ibi tí ọmọ tí ó mọ̀wé lè dé. Petroleum Training Institute wà ní Effurun láti àwọn ọdún 1970, yunifásítì ìmọ̀ epo rọ̀bì sì dé ibẹ̀ ní 2007. Ojoojúmọ́ ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń gbé àwọn ọmọ wa kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mélòó nínú wọn ni yóò wọlé? Ọmọ tí kò ní ibi tí yóò lọ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn mìíràn yóò fi ibi tí yóò lọ hàn án. Àwa tí a wà ní ìlú yìí ní 1997, ní 1999 àti ní 2003 mọ ohun tí ìjà ń fi ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú iṣẹ́ yìí ju agbára ẹgbẹ́ lọ, kí ó bi àwọn tí ó ṣáájú wa. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Ní 1943, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà dá Offa Grammar School sílẹ̀. Títí di òní ni ilé ìwé méjèèjì ń bẹ. Àwọn tí ó dá owó nígbà náà mọ bí a ti ń gbé nǹkan ró.

A kò tilẹ̀ nílò láti lọ dé Iléṣà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Àwọn aládùúgbò wa Urhobo dá Urhobo Progress Union sílẹ̀ ní 1931. Olóyè Mukoro Mowoe, oníṣòwò pàtàkì ní ìlú Warri yìí, ni olórí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà, tí ó wà káàkiri Nàìjíríà bí tiwa ti wà, ń dá owó. Owó náà ni wọ́n fi rán ọ̀dọ́mọkùnrin méjì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, M. G. Ejaife sí Fourah Bay ní Freetown, E. N. Igho sí Cambridge. Mowoe kú ní 1948. Bí ó bá jẹ́ pé orí ènìyàn kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà dúró lé, ìbá bá a wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáwó kò bá a kú. Urhobo College dúró ní Effurun, Ejaife sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Wọ́n kọ́ tíṣà kí wọ́n tó kọ́ ilé. Àwa ti ní ilé. Tíṣà ni a kò gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun pẹ̀lú, nítorí pé àwọn kan ti yẹ irú iṣẹ́ yìí wò fínnífínní. Ní Íńdíà, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pratham gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò tí ó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ń san owó díẹ̀ fún wọn, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ tí ó rẹ̀yìn ní ìwé kíkà àti ìṣirò fún wákàtí méjì lójúmọ́. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ iṣẹ́ náà wò ní ìlú Mumbai àti Vadodara láàárín 2001 sí 2003 rí i pé àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú ju àwọn tí kò rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni ó lè ran ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà wò wọ́n ní ọdún kan lẹ́yìn tí ètò náà ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, èrè náà ti dín púpọ̀.

Ti Amẹ́ríkà tún dun wá ju ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Big Brothers Big Sisters, tí ń fi àgbàlagbà kan mọ ọmọ kan kí ó máa bẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì máa gbà á nímọ̀ràn. Ní 2002, àwọn olùwádìí méjì, Jean Grossman àti Jean Rhodes, tẹ ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ tí ó ju 1,000 lọ jáde. Àwọn ọmọ tí àgbà dúró tì fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó jèrè jù. Àwọn tí ó já sọ́nà kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, ṣe ni wọ́n wá ń fojú kéré ara wọn ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tí a ka èyí, ọmọ orí àtẹ̀gùn ni ó wá sí wa lọ́kàn. A rò pé bí a kò bá tilẹ̀ ṣe é lóore, a kò ṣe é ní ibi. A ṣì í rò.

Nítorí náà, kí ni ó yẹ kí a ṣe? Ohun mẹ́rin ni a mú wá síwájú ìpàdé.

Èkíní ni owó. Ìlérí àlejò pàtàkì kò ra ẹfun ìkọ̀wé. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bí 60 nínú wa bá ń dá ₦1,000 lóṣù, owó náà yóò jẹ́ ₦60,000. Bí a bá fún tíṣà méjì ní ₦22,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀, yóò ku ₦16,000 fún ẹfun, epo àti ìwé. Owó náà kò tó iye tí iṣẹ́ wọn yẹ fún, ṣùgbọ́n yóò gbé wọn dé, yóò sì gbé wọn padà sílé. Kí akápò san án ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kí a sì ka ìnáwó rẹ̀ sétí ìgbọ́ ní gbogbo ìpàdé. Tíṣà tí ń tọrọ owó oṣù rẹ̀ bí ẹni tí ń tọrọ báárà kò ní pẹ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sí owó. Iye tí púpọ̀ nínú wa fi ra aṣọ ẹbí kan ṣoṣo ju ìdáwó oṣù mẹ́wàá lọ.

Èkejì ni ìwé àkọsílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó lè bá wa kọ́ni ni àwọn agùnbánirọ̀, tí ìjọba ti ń rán káàkiri láti 1973. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni wọ́n ń lò. Bí tíṣà bá ń lọ, tí ohun tí ó mọ̀ nípa ọmọ sì bá a lọ, ìpìlẹ̀ ni a óò máa padà sí títí láé. Kí ìwé kan wà ní ọwọ́ akọ̀wé, kí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí a kọ ibi tí ó mọ̀ àti ibi tí ó kù sí. Kí tíṣà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí èyí àtijọ́ dúró sí.

Ẹ̀kẹta ni àgbà kan fún ọmọ kan. Èyí kò gba owó, kò sì béèrè pé kí ènìyàn mọ̀wé. Kí àgbà béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí a fi mọ̀ ọ́n, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pé kí ni ó kọ́, kí ni ó le fún un, ta ni ń bá a ṣọ̀rẹ́. Kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ hàn án, kí alágbẹ̀dẹ wúrà fi òṣùwọ̀n hàn án, kí nọ́ọ̀sì sọ fún un bí òun ti ṣe dé ibi tí òun wà. Ọdún kan gbáko ni kí àgbà fi orúkọ sílẹ̀ fún. Ẹni tí kò bá lè ṣe ọdún kan, kí ó dá owó, kí ó má gba ọmọ. Gbangba gbọ̀ngàn sì ni kí gbogbo rẹ̀ ti máa wáyé, kí àgbà má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ ní kọ̀rọ̀, kí òbí ní ẹ̀tọ́ láti wọlé nígbàkígbà. A kò fura sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí àwọn tí ó bá gòkè padà wá na ọwọ́ sí àwọn tí ó kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ìjọ́sí ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga báyìí, ó sì ti sọ fún wa pé òun yóò wá kọ́ni ní ìsinmi, láìgba kọ́bọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ju àwa lọ. Ẹ jẹ́ kí a bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí nígbà tí ó bá dé.

Ìbéèrè kan kù. Àwọn kan ń bi wá pé ṣé ọmọ Yorùbá nìkan ni a óò gbà. Èrò tiwa ni pé kí a gba ọmọ ẹnikẹ́ni tí ó bá wá, níwọ̀n bí àyè bá ti wà. Orí ilẹ̀ yìí ni a ti rí jẹ, tí a ti bímọ, tí àwọn kan nínú wa ti kọ́lé. Ọmọ Itsekiri àti ọmọ Ijaw tí ó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ọmọ wa lónìí kò ní yára gbé òkò sí i lọ́la. Bí a bá sì fi wákàtí kan kún un lọ́sẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíkọ àti kíkà Yorùbá, a kò ní gbàgbé ilé.

Ìpàdé tí ń bọ̀ ni a óò ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá rí i pé a kò lè gbé ẹrù náà, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, kí a má ṣe ṣí ohun tí a óò tún tì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà pé a lè gbé e, ẹ wá pẹ̀lú ₦1,000 ti oṣù kìn-ín-ní lọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun kan bí gbogbo Ìṣẹ́gun, láìsí àtíbàbà, láìsí màlúù, kí tíṣà wà níwájú, kí iná sì wà ní títàn.

Ní ti ọmọ télọ̀, àwa fúnra wa yóò lọ bá bàbá rẹ̀ ní Igbudu. A óò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, a óò sì ní kí ó mú téèpù rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n a kò ní lọ títí ẹ óò fi dìbò. A kò fẹ́ pè é wá jókòó lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kejì.